Fóònù kì í ní òpin: bárakú ìkànnì ayélujára láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì

Ìbéèrè táwọn òbí sábà máa ń bi mí ni pé wákàtí mélòó ló tọ́ kí ọmọ yunifásítì máa lò lórí ayélujára lóòjọ́. Mi kì í dá iye kankan fún wọn. Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún 2020, inú fóònù kan náà ni olùkọ́ wà, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ìròyìn ikú àti àwàdà jọ ń gbé. Ẹni tó lo wákàtí 10 nídìí rẹ̀ lè ti fi 6 kàwé. Ẹni tó lo 3 péré sì lè ti wọ gàù.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Bergen, lórílẹ̀-èdè Norway, ti rí èyí kí àjàkálẹ̀ náà tó dé. Lọ́dún 2012 wọ́n gbé ìbéèrè 6 jáde lórí bárakú Facebook, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà kó lè kan àwọn ìkànnì yòókù. Kò sí èyí tó béèrè wákàtí nínú wọn. Ṣé ọkàn rẹ kì í kúrò níbẹ̀? Ṣé ṣe lò ń fẹ́ kó máa pọ̀ sí i? Ṣé ara rẹ kì í lélẹ̀ bí o kò bá ráyè wọlé? Ṣé ó ti ń ba ẹ̀kọ́ rẹ jẹ́? Méjì tó kù ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù: ṣé torí kó o lè gbàgbé ìṣòro lo ṣe ń lọ síbẹ̀, ṣé o sì ti gbìyànjú láti dín in kù tí kò ṣeé ṣe? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì yìí, kó má wulẹ̀ ka wákàtí mọ́.

Àmọ́ ẹ má tíì máa pe ọmọ yín ní aláìsàn o. Bárakú géèmù wà nínú ìwé àkójọ àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022. Bárakú ìkànnì ayélujára kò sí níbẹ̀.

Kí ló wá mú kó le tó bẹ́ẹ̀ lásìkò kónílé-ó-gbélé? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àìríṣe ni. Èmi ò gbà. Lójú tèmi, ohun tó ń dá èèyàn dúró ni àjàkálẹ̀ náà kó lọ. Tẹ́lẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wo fóònù, olùkọ́ á wọlé, ọ̀rẹ́ á ní ká lọ jẹun, wọ́n á ti ilé ìkàwé. Ìkànnì fúnra rẹ̀ kò ní irú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Ní 2006 ni Aza Raskin, ará Amẹ́ríkà, gbé ọgbọ́n ojú ìwé tí kì í tán kalẹ̀: bó o ṣe ń fà á sókè ni òmíràn ń yọ. (Òun fúnra rẹ̀ ti kábàámọ̀ rẹ̀ ní gbangba.) Ohun tó ń yọ náà kì í sì í dọ́gba. Ọ̀kan ò dùn, ìkejì ò dùn, ìkẹta pani lẹ́rìn-ín. Àìmọ èyí tó máa dùn gan-an ló ń so ọwọ́ mọ́ ọn, bí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ṣe ń so ọwọ́ onítẹ́tẹ́.

Ẹ wo bí òru kan ṣe máa ń rí lásìkò kónílé-ó-gbélé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tan ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀, ó mú kó máa sáré ní ìlọ́po méjì, fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Ní aago 11 alẹ́, ó ní kóun kàn yẹ iye àwọn tó kó àrùn lọ́jọ́ náà wò. Iye náà já a láyà. Ó wá fídíò apanilẹ́rìn-ín tó máa fi tu ara rẹ̀ nínú, ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí àwòrán ẹnì kan tó ń ṣe eré ìdárayá, tó tún ń kọ́ èdè tuntun, ló bá ń rò ó pé òun nìkan ni ọjọ́ òun ń ṣòfò. Ó padà sídìí ìròyìn. Aago 3 òru ti lù. Kíláàsì aago 8 di "màá wò ó tó bá yá", àwọn tí kò tíì wò sì ń gorí ara wọn. Ìdààmú yẹn ló máa sá fún lálẹ́ ọjọ́ kejì, orí fóònù náà ló sì máa sá lọ.

Ìdí nìyẹn tí gbígba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fi í yanjú ọ̀rọ̀. Kíláàsì rẹ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ gbà yẹn. Ìdádúró ni kó dá padà. Kó yọ ìkànnì tó ń mú un jù kúrò lórí fóònù, kó máa wọ ibẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nìkan, kó sì máa tẹ páásíwọ́ọ̀dù lákọ̀tun nígbà gbogbo. Ìfàsẹ́yìn kékeré yẹn tó láti fi bi ara rẹ̀ pé kí lòun ń wá. Kó pa ìró gbogbo ìkànnì àfi ti kíláàsì. Ìròyìn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, lọ́sàn-án. Kí fóònù sun yàrá mìíràn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù tí mo rí ni èèyàn: ẹnì kan tó máa pè é ní aago 9 alẹ́ lójoojúmọ́, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ tí wọ́n á jọ ṣí ìpè sílẹ̀, tí kálukú á máa kàwé rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Bí kò bá jẹun mọ́, tó ti ń sá fún àwọn ọ̀rẹ́ orí ìkànnì pàápàá, tàbí tó ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ fi ọ̀rọ̀ fóònù sílẹ̀ ná. Ẹ mú un lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ìdánwò bá sún mọ́lé, ó ṣeé ṣe kó tún padà sídìí rẹ̀. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ẹ bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà kó tó ṣí i, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí.