Nígbà tí idán bá gba iṣẹ́ alárinà ṣe

Ọmọbìnrin kan kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní ariwo táwọn èèyàn ń pa lórí ìwé ìtàn àròsọ Children of Blood and Bone ló jẹ́ kí òun rà á, òun sì gbádùn rẹ̀ gan-an títí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fi wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ló ti sú òun. Ó wá bèèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, àbí èmi ni mi ò mọ ìwé kà?” Rárá o. Iṣẹ́ olóòtú ìwé ìtàn àròsọ ni mò ń ṣe, ibi tó ti sú ọ yẹn gan-an ni ǹ bá fa ìlà sí.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: ní oṣù kẹta ọdún 2018 ni Tomi Adeyemi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbé e jáde. Ọba Saran ti pa àwọn tó ní agbára òrìṣà ní ọdún 11 ṣáájú kí ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀, ìyá Zélie, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, sì bá a lọ. Zélie ń wá bí agbára náà yóò ṣe padà. Inan, ọmọ ọba, ń lé e kiri láti mú un. Yorùbá ni ọfọ̀ inú rẹ̀, orí omi sì ni Ìlọrin tiwọn wà (ará Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á). Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ayé tó dá sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Inan ni. Àwọn ọmọ ogun tó kó wá ló dáná sun abúlé Zélie, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí àwọn méjèèjì fi di olólùfẹ́. Kì í ṣe pé kí ọ̀tá di olólùfẹ́ burú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń torí ẹ̀ ra irú ìwé yìí nìyẹn. Àmọ́ ó ń gba àkókò, ó sì ń gba ọ̀rọ̀ sísọ, bẹ́ẹ̀ ètùtù kan wà fún ìpadàbọ̀ agbára òrìṣà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá. Ibi tí òǹkọ̀wé wá gbà yọ ni idán. Inan rí i pé òun náà ní agbára, ti pé kí ó máa wọ inú ọkàn ẹlòmíì. Ó mọ ẹ̀dùn ọkàn Zélie láìbèèrè, ojú àlá ni wọ́n sì ti ń pàdé.

Ọ̀fẹ́ ni Inan rí gbogbo ìyẹn. Láyé àtijọ́, kò sí bí alárinà ṣe lè mọ inú ọmọbìnrin tó, wọ́n ṣì ń dúró de ìṣíhùn, ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ bá la ẹnu. Zélie kò rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kí ìfẹ́ tó dé.

Nǹkan mìíràn tún wà. Zélie, Inan àti Amari, àbúrò Inan lóbìnrin, ló ń sọ ìtàn náà fúnra wọn, tí kálukú ń wí pé “èmi”. Nítorí náà, àwa òǹkàwé mọ̀ pé Inan ń kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n Zélie kò ka orí ìwé tí Inan ti ń sọ̀rọ̀! Tzain, ẹ̀gbọ́n Zélie tí ìfẹ́ yìí ń bí nínú, tó ń bá ìwọ àti èmi sọ ohun tó wà lọ́kàn wa, ni kò ní orí kankan láti sọ tirẹ̀.

Àwọn kan ń bínú pé Inan kò ní ojú kan. Níbẹ̀, mo gbè sẹ́yìn òǹkọ̀wé. Ọmọ tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ tọ́ kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Nígbà tó tún padà sẹ́yìn ọba, kò yà mí lẹ́nu rárá. Bí Zélie ṣe yára fojú fo abúlé tó jóná ló yà mí lẹ́nu.

Nígbà mìíràn tí ìfẹ́ inú ìwé bá sú ọ, mú pẹ́ńsù. Sàmì sí gbogbo ibi tí àwọn méjèèjì ti sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ewu tàbí ti ẹwà ara wọn. Wo ohun tí ọ̀kan pàdánù nítorí èkejì. Bí àmì náà kò bá pọ̀, o ti rí ìdí rẹ̀, o sì lè fi ojú ewé han ẹnikẹ́ni tó bá ní o kàn ń ṣe àríwísí.

O tún bèèrè bóyá kí o ra Children of Virtue and Vengeance, ìwé kejì tó jáde lọ́dún 2019. Ìbínú Zélie sí Inan ló wà nínú ìyẹn, ó sì ṣeé gbà gbọ́ ju ìfẹ́ wọn lọ. Bí o bá rí ẹni yá ọ, kà á. Má tíì fowó rà á.