Ìbínú abiyamọ ní ohùn tirẹ̀

Bí inú bá ń bí ìyá tó ń gúnyán, gbogbo ilé ló máa mọ̀. Iyán á ti kúnná tán, ọmọ odó á ṣì máa ró gbì, gbì, gbì. Bàbá tó wà ní pálọ̀ á rọra dín ohùn rédíò kù. Bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ò tíì sọ nǹkan kan o.

Òṣèré orí ìtàgé ni mo máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ohùn, àmọ́ àwọn abiyamọ náà ti ń wá. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò: "Mo pariwo mọ́ àwọn ọmọ títí ohùn mi fi há, inú ṣì ń bí mi." Kò yà mí lẹ́nu. Bí inú bá ń bíni, ọ̀fun á fún, èémí ò ní kọjá àyà. Awọ méjì tó wà nínú gògóńgò, tí àwọn olùkọ́ èdè ń pè ní tán-án-ná, á wá máa gbá ara wọn. Ọ̀fun ló ń jìyà ẹ̀.

Ẹ pa ẹnu dé. Ẹ mí kanlẹ̀ dé ikùn, kí ẹ wá fi imú kùn ohun tó wà lọ́kàn yín, ohùn rẹ̀ nìkan. "Ó rẹ̀ mí": mí, dò, mí. "Mi ò ṣe mọ́": re, dò, re, mí. Ohun tí gángan ń ṣe náà nìyẹn. Ẹ ti sọ ọ́ tán, kò sì sí ọmọ tó máa rò ó fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ẹ la ẹnu, kí ẹ fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí i.

Àwọn ìyá wa mọ èyí, òun ni wọ́n fi ń kọ orin olórogún. Ní 1947, tí owó orí ń ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lára, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn lọ sí ààfin Aláké. Orin tí wọ́n kọ níbẹ̀, n ò lè tẹ̀ ẹ́ síbí. Ní oṣù kìíní 1949, Ọba Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni lílé àti gbígbè: bí ẹnì kan bá lé e, tí àwọn yòókù ń gbè é, ẹni tó lé e á rí àyè mí.

(Bí ìbínú bá ń tì yín láti ṣe ọmọ léṣe, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn, kí ẹ lọ rí dókítà. Ìyẹn kọjá orin.)

Ìyá ìbejì kan wà láàárín wa tí kò la ẹnu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan ló ṣàdédé kùn ún: re, dò, re, mí. Ẹni tó jókòó tì í gbè é. Kí n tó yíjú padà, ilé ti gbà á.