Bí Irin Àlòkù Ṣe Di Ìpìlẹ̀ Iṣẹ́ Irin ní Nàìjíríà

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ irin bá délẹ̀ ní Nàìjíríà, Àjàokúta ni gbogbo ènìyàn máa ń fi bọnu. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, owó ńlá ló bá ibẹ̀ lọ. Àmọ́ púpọ̀ nínú irin tí a ń ṣe nílé, tí àwọn bíríkìlà ń dì sínú òpó àti dẹ́kì, kì í ṣe láti Àjàokúta. Ara mọ́tò tó ti kú, fíríìjì tó ti jó, páànù òrùlé tó ti dípẹtà ni wọ́n ti yọ́ ọ. Ìtàn bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun gan-an ni ìtàn ìtọ́jú àyíká nínú iṣẹ́ irin wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ro àyíká rò nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, iléru làwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ òkúta irin. Èédú igi ni wọ́n ń fi dá a, igi tí iṣẹ́ náà sì ń jẹ kò kéré. Nígbà tí irin òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tó sì dínwó, iléru kú, ṣùgbọ́n àgbẹ̀dẹ kò kú. Alágbẹ̀dẹ kàn yí ọwọ́ padà ni: kò wá òkúta irin mọ́, irin tó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wá. Sípírìǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tó ṣẹ́ di àdá, ó di ọkọ́. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1962, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigersteel sílẹ̀ ní Emene, lẹ́bàá Enugu. Irin àlòkù ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń nà án di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Ìdí rẹ̀ kò ju pé irin àlòkù wà nílẹ̀, tí a kò sì tíì máa wa òkúta irin tiwa.

Lẹ́yìn náà ni àlá ńlá dé. Àwọn onímọ̀ láti Soviet Union wá yẹ ilẹ̀ wò ní 1967. Ní 1971, ìjọba ológun fi òfin dá àjọ tí yóò mójú tó iṣẹ́ irin sílẹ̀. Wọ́n rí òkúta irin ní Itakpe, wọ́n yan Àjàokúta létí odò Ọya, nígbà tó sì di 1979, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀ fún Tyazhpromexport ti Soviet. 1.3 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù irin lọ́dún ni wọ́n fẹ́ kí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ṣe.

Ìléru gíga ni wọ́n yàn fún Àjàokúta, irú èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí kóòkù, ìyẹn èédú ilẹ̀ tí wọ́n ti sun láìsí afẹ́fẹ́. Èédú Enugu kò sì ṣe é sun di kóòkù, ìyẹn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé a óò máa ra èédú láti òkèèrè. Irú ìléru bẹ́ẹ̀ a sì máa tú ju tọ́ọ̀nù méjì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì sójú ọ̀run lórí tọ́ọ̀nù irin kan ṣoṣo.

Aladja ló dùn mí jù. Ní January 1982, wọ́n ṣí Delta Steel ní Ovwian-Aladja, lẹ́bàá Warri. Gáàsì ni wọ́n fi ń gba ọ́síjìn kúrò lára òkúta irin níbẹ̀, kì í ṣe kóòkù. Iná mànàmáná ni wọ́n wá fi ń yọ́ ohun tó bá jáde. Èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọ̀nà yìí ń tú kéré púpọ̀ sí ti ìléru oní-kóòkù. Ẹ sì rántí pé lásìkò yẹn, iná gáàsì ń jó tọ̀sán-tòru lórí kànga epo káàkiri Niger Delta, ó ń ṣòfò. Pé ẹnì kan jókòó, ó rò ó pé kí gáàsì náà máa yọ irin, ìpinnu tó gbọ́n jù nìyẹn nínú gbogbo ètò irin ìjọba, ó sì yẹ kí a máa rántí rẹ̀ ju bí a ṣe ń rántí Àjàokúta lọ. Irin tó bá jáde ní Aladja ni wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, ní Òṣogbo, Jos àti Katsina, máa nà di ọ̀pá.

Ó bàjẹ́ ṣá. Òkúta irin Itakpe kò dé Aladja bó ṣe yẹ, torí ojú irin tí yóò gbé e dé Warri kò parí. Ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Òkúta irin òkèèrè ni Aladja ń rà, náírà sì já wálẹ̀ láti 1986. Nígbà tí Aladja ń mí gúlegúle, ebi ń pa Òṣogbo. Ní 2005, wọ́n ta Aladja. Ní 2015, ó tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Àjàokúta ní tirẹ̀ kò yọ́ òkúta irin kankan nínú ìléru gíga rẹ̀ títí dòní.

Ilé kíkọ́ kò dúró de ìjọba. Àwọn aládàáni wá gbé ìléru kéékèèké oníná mànàmáná kalẹ̀ ní Ìkòròdú, Ògíjò, Ọ̀tà àti ibòmíì, wọ́n sì padà sí ọ̀nà Emene. Ìjọba náà fi òfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má kó irin àlòkù lọ sókè òkun. Bí irin kọ́ńdẹ̀mù ṣe di ọjà gidi nìyẹn: ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, ọ̀gá tó ń kó o jọ, dírẹ́bà tírélà tó ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, gbogbo wọn ń jẹ nínú rẹ̀.

Ní àgbàlá ilé-iṣẹ́, wọn kì í kàn da irin sínú iná. Ṣọ́ọ̀kì mọ́tò àti sílíńdà gáàsì gbọ́dọ̀ di lílà, torí bí ohun tí ẹnu rẹ̀ dì bá wọnú irin yíyọ́, yóò bú gbàmù, irin gbígbóná yóò sì fọ́n sára ènìyàn. Wáyà bàbà gbọ́dọ̀ kúrò pẹ̀lú, nítorí bàbà tó bá ti wọnú irin kì í jáde mọ́. Ìléru náà fúnra rẹ̀ dà bí ìkòkò tí wọ́n fi ọ̀pá bàbà yí ká, omi ń gba inú ọ̀pá náà kọjá kó má baà yọ́. Bí iná bá ti wọ bàbà yẹn, irin inú ìkòkò á gbóná fúnra rẹ̀, títí yóò fi yọ́ ní ìwọ̀n gbígbóná tó lé ní 1500 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì.

Èrè rẹ̀ hàn. Tọ́ọ̀nù irin àlòkù kan tí a bá yọ́ a máa dá nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1.4 òkúta irin àti 740 kílò èédú sí nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n síǹkì tó wà lára páànù òrùlé a máa hó ní nǹkan bí 907 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí irin tó yọ́ rárá, yóò sì gbéra bí èéfín funfun. Ọ̀dà àti ọ́ìlì mọ́tò ní tiwọn a máa jó ní èéfín dúdú. Bí kò bá sí ìbòrí tó ń fa èéfín náà, tí kò sì sí àpò àsẹ́ tó ń dá eruku rẹ̀ dúró, àyà àwọn òṣìṣẹ́ àti aṣọ tí ará àdúgbò sá sóòrùn ló ń gbà á. Ìléru yìí kò sì lè yọ imí ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kúrò. Bí wọn kò bá ṣa irin dáadáa, èyí tó máa jáde a máa kán bí igi gbígbẹ, ilé ni wọ́n sì máa fi kọ́. Mi ò lè pe irú irin bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ṣe ayé lóore, iye kábọ́ọ̀nù yòówù tó lè dá sí.

Lẹ́yìn tí wọ́n da pàǹtí olóró láti Ítálì sí Koko ní 1988 ni ìjọba tó dá àjọ ààbò àyíká, FEPA, sílẹ̀. NESREA gba ipò rẹ̀ ní 2007, nígbà tó sì di 2011, òfin kan jáde tó dá lórí iṣẹ́ irin àti àtúnlò irin nìkan. Láti Emene dé òfin yẹn, nǹkan bí ọdún 49 ni a fi ń yọ́ irin àlòkù láìsí òfin tirẹ̀.

Ní 2021, Nàìjíríà ṣe òfin ojú ọjọ́, ó sì ṣèlérí pé nígbà tó bá fi máa di 2060, èéfín kábọ́ọ̀nù tí òun ń tú kò ní ju èyí tí òun ń fà padà lọ. Bí ìlérí yẹn bá jẹ́ òótọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìbòrí àti àsẹ́ sórí gbogbo ìléru tó ń yọ́ kọ́ńdẹ̀mù, kí àwọn òṣìṣẹ́ NESREA máa wọlé yẹ̀ ẹ́ wò láì sọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ Aladja yẹ̀ wò: ojú irin láti Itakpe ti wà báyìí, gáàsì sì ṣì ń jó lórí kànga epo.