Bí Owó Oníbàárà Ṣe Kúrò Nínú Àpò Ilé-iṣẹ́

Lọ́yà kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Hallett ni wọ́n ń pè é. Oníbàárà rẹ̀ kan, Ìyáàfin Cotterill, kó ìwé ìdókòwò rẹ̀ sí i lọ́wọ́ pé kó bá òun tọ́jú wọn. Hallett tà wọ́n láìsọ fún un, ó sì da owó náà pọ̀ mọ́ tirẹ̀ nínú àkáùntì kan náà ní báǹkì. Ó ń yọ níbẹ̀, ó tún ń kó sí i, títí ikú fi dé ní 1878. Gbèsè ló kú sílẹ̀. Àwọn tó jẹ lówó fẹ́ pín ìyókù tó wà ní báǹkì. Ìyáàfin Cotterill ní owó òun wà nínú ẹ̀.

Ní 1880, Sir George Jessel dá ẹjọ́ pé ẹni tó bá da owó ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, tara rẹ̀ ni kọ́ọ̀tù máa gbà pé ó kọ́kọ́ ná. Ti obìnrin yìí ló wá ṣẹ́ kù. (Ká sòótọ́, Hallett ò ro irú èyí rí. Kọ́ọ̀tù kàn fi ìwà ọmọlúàbí wọ òkú láṣọ ni.)

Bó bá wá ti ná gbogbo ẹ̀ tán ńkọ́? Ní 1901, Benjamin Lake, tó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà rí, wẹ̀wọ̀n lórí owó oníbàárà. Síbẹ̀, ó di 1935 kí òfin tó pàṣẹ pé kí lọ́yà ṣí àkáùntì ọ̀tọ̀ fún irú owó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà fi irú àṣẹ yìí de àwọn alágbàtà ọjà ọkà àti òwú.

Òfin 1986 ló mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: owó oníbàárà di ohun ìfipamọ́, bí ilé-iṣẹ́ bá wó, àwọn tó jẹ ní gbèsè ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìlànà tó wá lẹ́yìn náà gba àwọn ńláńlá kan láyè kí owó kọ́kọ́ wọ àkáùntì tiwọn, kí wọ́n wá yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì, bíi alájọ tó ń kó owó ọjà sápò agbádá rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó bá ṣubú kílẹ̀ tó mọ́ ńkọ́?

Lehman Brothers, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ńlá ti Amẹ́ríkà, ṣubú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án 2008, ẹ̀ka rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kógbá sílé. Owó tó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì ò tíì kúrò nínú àkáùntì ilé-iṣẹ́. Àwọn oníbàárà kan wà tí ilé-iṣẹ́ ò tiẹ̀ ya owó wọn sọ́tọ̀ rí. Nínú èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ pàápàá, nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là wà ní báǹkì Lehman tó wà ní Jámánì, òun náà sì wó.

Ẹjọ́ dé kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ. Ní 29 Oṣù Kejì 2012, ìdájọ́ jáde: gbàrà tí owó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ló ti di ohun ìfipamọ́, àkáùntì yòówù kó wà. Lórí ta ni yóò pín nínú èyí tó wà nílẹ̀, adájọ́ mẹ́ta borí méjì: ẹni tó yẹ kí wọ́n ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ máa pín, bí wọn ò tilẹ̀ yà á. Ó dun àwọn tí ilé-iṣẹ́ ti ya owó tiwọn sọ́tọ̀, torí ìpín wọn á kéré. Àwọn mẹ́ta yẹn ni mo bá lọ. Ilé-iṣẹ́ ló kùnà, kì í ṣe oníbàárà.

Àwọn alábòójútó tí ìjọba fi ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò dúró de kọ́ọ̀tù. Ní 2011 wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ò gbọdọ̀ fi ju ìdá 20 nínú 100 owó oníbàárà sí báǹkì tó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní 2010, wọ́n ti bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 33.32 pọ́n-ùn lé JPMorgan, báǹkì ńlá Amẹ́ríkà mìíràn, torí owó oníbàárà tó ń sùn nínú àkáùntì tí kò yẹ fún nǹkan bí ọdún méje. Oníbàárà kankan ò sì pàdánù kọ́bọ̀ níbẹ̀.