Ẹ̀yin òbí ọmọ JSS2, ẹ wá gba fọ́ọ̀mù yín padà

Fọ́ọ̀mù mẹ́rìnlélógójì ló wà lórí tábìlì mi láàárọ̀ yìí. Àwọn ọmọ JSS2 ilé ìwé wa fẹ́ kúrò n'Íbàdàn lọ pàgọ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Ìkògòsì-Èkìtì, òbí kálukú sì ti buwọ́ lu tirẹ̀. Níbi tí a ti bèèrè pé àìsàn wo ló máa ń ṣe ọmọ yín, òbí mọ́kànlélógójì ló kọ "kò sí". Ẹnì kan kọ "kò sí, kò sì ní sí lórúkọ Jésù". Méjì nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ "kò sí" fún yìí, èmi ni mo gbé ínhélà sí wọn lẹ́nu ní táàmù tó kọjá nígbà tí ikọ́ fée dé sí wọn. Ọ̀kan wà tó jẹ́ SS, ìyẹn àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell. Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú mi níbí lóṣù Kẹsàn-án, ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú omijé. Ìyá kan náà ló kọ "kò sí".

Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Ọdọọdún ni mo ń sọ ọ́ nípàdé òbí, ọdọọdún náà ni fọ́ọ̀mù ń padà wá bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ti ọdún yìí sílẹ̀, kí ẹni tí kò wá sípàdé lè kà á nílé.

Ti àgọ́, ti ẹní, ti tọ́ọ̀ṣì àti oúnjẹ, ẹ bi àwọn olùkọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ọlọ́mọ jáde: a ti gun òkè Ìdànrè, a ti dé ibi omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, iye ọmọ tí mo kà wọ inú bọ́ọ̀sì ni mo ń kà jáde. Mi ò fi iṣẹ́ yìí ṣeré rí.

Òbí mẹ́fà ló yọ̀ǹda ara wọn láti bá wa lọ lọ́dún yìí, ìyá mẹ́rin, bàbá méjì. A dúpẹ́ gan-an, torí bí kò bá sí wọn, kò sí àgọ́. Ọmọ méje tàbí mẹ́jọ ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tiyín kò ní sí nínú àwọn tí ẹ máa mójú tó. Mo mọ̀ pé èyí kì í dùn mọ́ àwọn ìyá nínú, ṣùgbọ́n ìyá tó bá ti rí ọmọ tirẹ̀ nítòsí, ọmọ ọlọ́mọ ti bọ́ lójú rẹ̀ nìyẹn. Kò sí àgbàlagbà tó gbọdọ̀ dá wà nínú àgọ́ pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ pásítọ̀ tàbí àlùfáà. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fún ọmọ kankan ní oògùn, ì báà ṣe Panadol, ì báà ṣe àgbo. Lọ́dún kan ní Ìdànrè, bàbá kan bu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún ọmọ kan tí inú ń run, kò bi mí, kò bi olùkọ́. Ọmọ náà yàgbẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀yìn ni a fi pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkè yẹn tó lé ní 600, ọmọ ọdún méjìlá.

Ẹ wo ohun tí àgọ́ ń ṣe fún ara ọmọ. Aago mẹ́rin ìdájí lẹ máa jí i kó lè bá bọ́ọ̀sì. Kò ní jẹun, torí inú rẹ̀ ń dùn. Kò ní mu omi, torí kò fẹ́ kí ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n lọ́nà. Tó bá dé ọ̀hún kò ní sùn, ọ̀rẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá á fara da gbogbo èyí. Ọmọ SS tí kò mu omi, tó tún lọ rì sínú omi tútù, eegun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tó ní ikọ́ fée á jókòó ti iná igi, èéfín á sì wọ̀ ọ́ láyà. Ní ti ọmọ tó ní wárápá, àìsùn àti oògùn tí kò lò wà lára ohun tó tètè ń jí i dìde jù. Àgọ́ sì rèé, ibi tí ọmọ kì í ti í sùn, tí ojú sì ń tì í láti lo oògùn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wárápá ni mo fẹ́ dúró lé, torí òun lẹ ń fi pamọ́ jù.

Inú ọpọlọ wa, iná wẹ́ẹ́rẹ́ ni iṣan kan fi ń ránṣẹ́ sí èkejì, létòlétò. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn bá tàn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara á gan, á wá máa jà, ẹni náà kò sì ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà kò tètè sunkún nígbà tí wọ́n bí i. Ó lè jẹ́ ibà tó gun ọpọlọ nígbà tó wà ní kékeré, tàbí àrùn yírùnyírùn, tàbí ó fi orí gbá nǹkan. Nígbà mìíràn a kì í rí ìdí rẹ̀. Kì í ràn. Itọ́ kò kó o, abọ́ kò kó o, bẹ́ẹ̀ ni àjọsùn kò kó o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun, tó ṣiṣẹ́ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn níbí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí rẹ̀ láàárín àwọn ará Igbó-Ọrà, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1987 pé bí ènìyàn márùn-ún nínú 1,000 ló ní in. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló ní in láyé, àti pé tí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ, tó 70 nínú 100 wọn ló lè máa gbé ayé wọn láìṣubú mọ́. Ẹ tún un kà. Kóró oògùn tí kò wọ́n, tí ọmọ ń lò láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ni mo ń sọ.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Ìkògòsì yìí kan náà la lọ. Ọjọ́bọ̀ la gbéra. Lọ́sàn-án Ẹtì, mo mú àwọn ọmọbìnrin lọ síbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ibi tí gbogbo wọn ti máa ń fẹ́ ti ẹsẹ̀ kan bọ ìhín, kí wọ́n ti èkejì bọ ọ̀hún. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan jókòó sórí òkúta, kò bọ́ sọ́kì. Mo ní kó bọ́ ọ, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó bọ́ ọ, mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àpá iná ni, láti gìgísẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka, lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó ń dán bí ọ̀rá tó jó tó tún gbẹ. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Omi gbígbóná ló dà sí mi lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, mà."

Omi gbígbóná kì í bó àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan kó dá òkè ẹsẹ̀ sí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù rẹ̀ sọ pé "kò sí", ọmọ mìíràn sì ń pè mí, mo bá jẹ́ kó kọjá. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Lálẹ́, a dá iná, olùkọ́ Yorùbá ń pa àlọ́ Ìjàpá, àwọn ọmọ ń gbe orin rẹ̀. Mo kàn gbọ́ igbe kan ṣoṣo. Ọmọ náà ti wó lulẹ̀, ó gan, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ìfófòó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ fọ́n ká. Ìyá kan tó bá wa lọ kígbe pé, "Ẹ má jẹ́ kí itọ́ rẹ̀ kàn yín o!" Òmíràn sáré mú ṣíbí wá láti inú ìkòkò ìrẹsì, ó fẹ́ fi la eyín rẹ̀. Bàbá kan, ọkùnrin tó lágbára, gbá ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì mú, ó ń wọ́ ọ lọ síbi iná. Ó ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí iná rà á lẹ́sẹ̀, á jí! Wọ́n ṣe é fún àbúrò mi, ó jí!"

Mo fi ara mi sáàárín ọmọ náà àti iná. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti dé orí eérú. Mo lu bàbá náà lọ́wọ́, mo lù ú gan-an, títí ó fi jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ ọmọ. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹkún ló ń sun bó ṣe ń fà á. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà mẹ́jọ ló sì wà níbi iná yẹn.

Ohun tí mo ṣe kò pọ̀. Mo wo aago ọwọ́ mi: mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo sún òkúta àti àga kúrò nítòsí rẹ̀. Mo ká síwẹ́tà mi sábẹ́ orí rẹ̀. Mi ò dì í mú, mi ò ti nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ènìyàn kì í gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ṣíbí ló ń kán eyín ọmọ, eyín ọmọ náà ló sì ń gé ìka ẹni tó bá fi ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ní kí dírẹ́bà ti ṣáná sí bọ́ọ̀sì, torí tí ó bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, Adó-Èkìtì là ń sáré lọ lóru náà. Nígbà tí yóò fi di mẹ́jọ kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú, ara rẹ̀ rọ̀. Mo dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, ó sì sùn lọ. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, torí inú rẹ̀ ni gbogbo irọ́ àwọn oníṣègùn èké ń gbé. Ọ̀pọ̀ jù lọ wárápá, fúnra rẹ̀ ló ń dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ohunkóhun tí ènìyàn bá ń ṣe lásìkò náà, òun ló máa gba oríyìn. Ẹni tó ti ẹsẹ̀ ọmọ bọná á ní iná ló jí i. Ẹni tó da àlùbọ́sà sí i lójú á ní àlùbọ́sà ni. Ẹni tó ń na Bíbélì mọ́ ọn lórí á jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú. Àkókò rẹ̀ ló pé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ náà á sì máa gbé àpá kiri títí ayé. Èyí tó burú jù ni àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n pò mọ́ ewé tábà àti aáyù. Ó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè dá èémí rẹ̀ dúró. Mo ti gba òkú ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nítorí rẹ̀, nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ta á fún yín, ẹ má pè é ní oníṣègùn níwájú mi.

Mo pe ìyá ọmọ náà lóru. Mo sọ fún un pé ara ọmọ ti balẹ̀, pé ó ń sùn, pé ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀. Kò bi mí bóyá ó fara pa. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Nọ́ọ̀sì, ta ló rí i?"

Mo ní, "Gbogbo wọn ni, mà."

Ó sunkún títí. Ó wá sọ fún mi pé ọmọ náà ti ń lo carbamazepine, oògùn wárápá, fún ọdún mẹ́ta, kò sì ṣubú rí láàárín ọdún mẹ́ta náà. Ó ní òun ló sọ pé kó fi oògùn sílẹ̀ nílé, ọjọ́ mẹ́ta péré ni, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà rí i kí wọ́n wá máa sọ ọ́ kiri, kí ọ̀rọ̀ náà má baà dènà ọkọ mọ́ ọn lọ́jọ́ iwájú. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọná nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Àṣírí tí ìyá yẹn ń bò fún ọdún mẹ́ta, ọjọ́ méjì láìlo oògùn ló tú u lójú gbogbo kíláàsì.

Lọ́dún kejì, ọmọ náà bá wa lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní òun fẹ́ gba básélìnì. Mo fún un ní oògùn rẹ̀, ó mu ún, ó gba básélìnì náà pẹ̀lú, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tó bá ní wárápá, tó jẹ́ SS, tó ní ikọ́ fée, mi ò ní kó má lọ sí Ìkògòsì. Á lọ. Á wọ inú omi náà, àgbàlagbà kan á sì wà nínú omi pẹ̀lú rẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Ọmọ SS máa gbé ike omi tirẹ̀ dání, mo máa wò ó bó ṣe ń tán. Aago mẹ́sàn-án ni mo máa pa iná àgọ́ tí ọmọ wárápá bá wà. Ẹni mẹ́ta péré ló máa mọ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù: èmi, olùkọ́ tó ṣáájú wa, àti òbí tí ọmọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òbí yẹn á ti kọ́ ohun tó máa ṣe lọ́dọ̀ mi kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, yóò sì ṣe é níwájú mi kí n rí i.

Mo ti ya fọ́ọ̀mù tuntun sílẹ̀. Láti Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, láàárín aago méjìlá sí aago mẹ́ta, mo wà ní yàrá ìtọ́jú. Ẹ mú oògùn ọmọ yín dání nínú páálí rẹ̀ gan-an, ẹ má dà á sínú ọ̀rá. Tí ẹ bá wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn.