Báwo ni ará Párì kan ṣe mọ ara kìnnìún bí alápatà?

Ìbéèrè: Mo rí fọ́tò ère kìnnìún kan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ejò mọ́lẹ̀, wọ́n ní Antoine-Louis Barye ará Faransé ló ṣe é. Ṣé Áfíríkà ló ti lọ rí kìnnìún ni?

Ìdáhùn: Rárá o, Párì ni wọ́n bí i sí ní 1795, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1875. Jardin des Plantes ló ń lọ jàre, ọgbà ńlá kan láàárín ìlú tí wọ́n ń kó ẹranko sí, òun àti Eugène Delacroix tó jẹ́ ayàwòrán, wọ́n á máa wo ẹranko wọ́n á máa yà á. Ṣùgbọ́n èyí tó wà láàyè ò tó, kì í dúró sójú kan, irun sì bo gbogbo ẹ̀. Tó bá kú ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Delacroix kọ nóòtì kékeré sí i, kò ju pé kìnnìún ti kú o, máa sáré bọ̀. Wọ́n á bó awọ ẹ̀, Barye á máa wọn egungun, á kọ gígùn ẹ̀ sínú ìwé.

Ìbéèrè: Ìta la sáà ń wò, kí ló fẹ́ fi inú ẹ̀ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ wo alápatà tí ẹ ti ń ra ẹran, kò ní wá oríkèé màlúù kiri kó tó gé e, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wá padà wo kìnnìún yẹn. Ẹsẹ̀ tó fi tẹ ejò, ọmọ ìka ẹ̀ yà, èékánná ti jáde, ẹ sì máa rí i pé èjìká ni agbára yẹn ti ń bọ̀, ojú ẹ̀ hunjọ, eyín yọ síta. Ẹni tí ò mọ ohun tó wà lábẹ́ awọ á kàn wú iṣan káàkiri bíi ti àwọn bọ̀ọ̀dá tó ń gbé irin ní jíìmù, kò ní mọ èyí tó yẹ kó le àti èyí tó yẹ kó dẹ̀.

Ìbéèrè: Á lówó gan-an nìyẹn?

Ìdáhùn: Owó kẹ̀! Ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà ni, iṣẹ́ yẹn náà ló kọ́kọ́ ṣe. Ní 1831 ó gbé ère táígà tó ń jẹ ọ̀nì lọ sí Salon, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tó lórúkọ jù ní Párì nígbà yẹn, 1833 ló gbé kìnnìún wa yìí lọ, àwọn èèyàn sì gba tiẹ̀. Àfi bó ṣe di 1837 táwọn adájọ́ ìpàtẹ kan náà ní àwọn ò gba àwọn ère tó ṣe fún tábìlì ọmọ ọba, ẹran kékeré lásán ni lójú wọn. Ló bá ń ta ère idẹ kéékèèké fúnra ẹ̀, gbèsè wọlé, nígbà tó máa fi di 1848 àwọn ère tó fi ń ṣe mọ́ọ̀dù ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jẹ lówó.

1854 ló tó ríṣẹ́ tó fara balẹ̀, ó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ya ẹranko. Rodin gan-an, tó padà di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ère, jókòó ní kíláàsì ẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ẹ sì mọ ibi tí kíláàsì ọ̀hún wà? Jardin des Plantes yẹn náà ni, ibi tó ti ń sáré lọ wọn òkú kìnnìún lọ́fẹ̀ẹ́.