Ṣé D kan nínú ìṣirò ti ti ilẹ̀kùn kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ ọmọ yín?

Alẹ́ ni ìròyìn yìí sábà máa ń dé. Ìyá ṣí áàpù ilé-ìwé lórí fóònù, ó rí Algebra 2, iṣẹ́ ìṣirò ọmọ, ó rí D lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó tó wo B tí ọmọ gbà nínú iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn, ó ti pe bàbá, bàbá ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Houston, wọ́n sì ti dájọ́: "Dókítà tí à ń retí ti wọmi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló máa gba eléyìí?" Ọmọ ọdún 15 wà ní yàrá òkè, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Mo ti jókòó sí irú ìpàdé ẹbí bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì bá wọn jà, torí mo mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá. Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí tó wà ní Amẹ́ríkà ti ṣe sẹ́kọ́ńdìrì. Níbẹ̀, o lè ṣe dáadáa fún ọdún mẹ́fà, kí F9 kan nínú ìṣirò WAEC dá ọ jókòó sílé di ọdún tó ń bọ̀. Ojú yẹn la fi ń wo D ọmọ wa, bẹ́ẹ̀ ètò ibí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń béèrè ní Amẹ́ríkà ni transcript, ìwé tó kó máàkì gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ ṣe láti kíláàsì 9 títí dé 12. Wọ́n á sọ A di 4, B di 3, C di 2, D di 1, F di òdo, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pín in. Iye tó bá jáde ni GPA. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní iṣẹ́ mẹ́fà ni ọmọ ń ṣe lọ́dún. Nígbà tó bá fi máa kọ fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì 12, ó ti ní máàkì 18 nílẹ̀. Bí 17 bá jẹ́ B, tí ẹyọ kan jẹ́ D, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52. Ẹ pín in sí ọ̀nà 18, ẹ ó rí 2.89. Ká ní D yẹn jẹ́ B ni, 3.0 ni ì bá jẹ́. Ọmọ tí gbogbo tirẹ̀ jẹ́ A, tí D kan wá yọjú sí láàárín wọn, 3.83 ló ní. Bó bá sì jẹ́ sáà kan péré ló ti gba D náà, tí ilé-ìwé ń ka sáà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìdajì aburú yìí ló máa ṣe.

Nítorí 0.11 ni wọ́n ṣe pe ẹ̀gbọ́n ní Houston lóru.

N kò ní tan yín jẹ o. Àwọn ibì kan wà tí 0.11 yẹn ti ń di owó. Ní Georgia, ìpínlẹ̀ náà dá owó ìrànwọ́ kan tó ń jẹ́ HOPE sílẹ̀ ní 1993, 3.0 ló sì ń béèrè. Ẹni tó ní 2.89 kò débẹ̀. Ohun tó ń ya òbí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n ń kà: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti èdè àjèjì ni wọ́n ń rò pọ̀. A tí ọmọ gbà nínú ẹgbẹ́ akọrin tàbí eré ìdárayá kò lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ títí ọmọ fi máa jáde ni wọ́n ń kà á, kíláàsì 12 sì lè tún un ṣe.

Ní Texas, ipò tí ọmọ wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1997 ní kí àwọn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà gba ọmọ tó bá wà nínú ìdá 10 àkọ́kọ́ nínú 100 ní ilé-ìwé rẹ̀. Èrò ti pọ̀ jù ní UT Austin, University of Texas tó wà ní ìlú Austin, wọ́n sì ti mú kí ẹnu ọ̀nà tiwọn há sí i: ìdá 5 ni fún àwọn tó ń wọlé láti 2026. Ní ilé-ìwé tí àwọn ọmọ tó mọ̀wé bá pọ̀ sí, D kan lè lé ọmọ jáde nínú ìlà yẹn. Ó ṣì lè kọ fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò ní bá ẹsẹ̀ òfin wọlé mọ́. Wọ́n á gbé e yẹ̀ wò bíi ti gbogbo ayé.

Ti California ló máa ń dẹ́rù bani jù, kí èèyàn tó ka òfin náà dópin. Ọdún mẹ́ta ìṣirò ni University of California ń béèrè, wọn kì í sì í ka D kún. Bí kò bá jẹ́ C, àfi bí ẹni pé ọmọ kò ṣe iṣẹ́ náà rárá ni. Àmọ́ ẹ kà á lọ síwájú. Ọmọ tó gba D ní Algebra 1, tó wá gba C ní Algebra 2, wọ́n gbà pé ó ti san gbèsè Algebra 1 nìyẹn. Kò pọn dandan kó tún un ṣe. Máàkì kíláàsì 9 kì í tilẹ̀ wọ inú GPA tí wọ́n ń ṣírò, ti 10 àti 11 ni wọ́n ń lò. Òbí mélòó ló ti san owó lẹ́sìnnì nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn nítorí gbèsè tí òfin ti fagi lé?

Gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ohun tí ọmọ kò mọ̀, tó mú kó gba D, ìyẹn la kì í béèrè. À ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ ní kí ọmọ gbé ìwé ìdánwò náà wá, kẹ́ ẹ má pariwo. Ẹ wo irú èyí: 12 − (x − 5) = 9. Ọmọ ṣí àkámọ́, ó kọ 12 − x − 5 = 9, ó ní x jẹ́ −2. Àmì ìyọkúrò tó wà lẹ́nu àkámọ́ kan x, kò dé ara 5. Ká ní ó dé ibẹ̀ ni, ì bá kọ 12 − x + 5 = 9, x ì bá sì jẹ́ 8. Àṣìṣe kékeré ni. Olùkọ́ Algebra 1 á yọ máàkì kan, á kọjá. Ní Algebra 2, àkámọ́ yẹn á tún padà wá, ohun mẹ́ta mẹ́rin á ti wà nínú rẹ̀, àmì kan tó ṣì á sì ba gbogbo ìlà jẹ́. Ẹyin ló ń di àkùkọ. Bó bá fi máa dé Calculus, ìṣirò tó ga ju Algebra lọ, ọmọ á ní Calculus ló le, kò mọ̀ pé àkámọ́ kíláàsì 9 ló ń bá òun jà. Olùkọ́ lẹ́sìnnì tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí kò lè rí i. Ẹni tó bá padà sẹ́yìn, tó ní kí ọmọ ṣe mẹ́wàá irú èyí lójú òun, ló máa rí ibi tó ti ń jò.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ mọ ìṣirò dáadáa, iṣẹ́ àṣetiléwá ni kò fi sílẹ̀. Ẹ tẹ orí D yẹn nínú áàpù kó ṣí. Ọmọ tó gba 80 ní ìgbà mẹ́jọ, tó wá ní òdo méjì nítorí iṣẹ́ tó gbàgbé sínú báàgì, 64 ló máa ní bí gbogbo rẹ̀ bá wúwo bákan náà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé á pe ìyẹn ní D, àwọn mìíràn á pè é ní F pátápátá. Lẹ́sìnnì kọ́ ni oògùn èyí. Kó lọ bá olùkọ́ rẹ̀ lọ́la, kó béèrè bóyá ó ṣì lè fi iṣẹ́ méjì náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń gbà á, wọ́n á kàn yọ díẹ̀ nínú máàkì rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́.

Ìgbàgbọ́ òdì kan tún wà tó máa ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, òun ló sì burú jù lójú tèmi: "Kò ní orí ìṣirò, ẹ jẹ́ kó fi sílẹ̀." Wọ́n á yọ ọmọ kúrò nínú ìṣirò ní kíláàsì 12, wọ́n á fi iṣẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́ dí i, kí GPA má baà tún lọ sílẹ̀. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù kì í wo iye nìkan, wọ́n ń wo ohun tí ọmọ gbé lọ́rùn láti fi gba iye náà. C nínú Precalculus, iṣẹ́ tó ń múni gbára dì fún Calculus, lẹ́yìn D nínú Algebra 2 ń sọ fún wọn pé ọmọ yìí ṣubú, ó dìde. Àlàfo tó wà níbi tó yẹ kí ìṣirò wà kò sọ nǹkan kan tó dáa. Bí Calculus bá sì le jù fún un, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Statistics, ìṣirò gidi lòun náà. Ọ̀pọ̀ ètò nọ́ọ̀sì ló tilẹ̀ ń fẹ́ Statistics ju Calculus lọ, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yan nọ́ọ̀sì fún ọmọ kẹ́ ẹ tó bi í gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ ṣe lọ́la kó ipa tirẹ̀. Ẹni tó ń wá ẹnjiníà tàbí kọ̀ǹpútà, ìṣirò rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, D níbẹ̀ á sì gba àlàyé. Ẹni tó ń wá ìtàn tàbí iṣẹ́ ìròyìn, wọn ò ní fi ojú kan náà wò ó.

Ti àtúnṣe máàkì ńkọ́? Ọmọ lè tún iṣẹ́ náà ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé-ìwé kan á fi máàkì tuntun rọ́pò ti àtijọ́, òmíràn á jẹ́ kí méjèèjì hàn lórí transcript, òmíràn á pín wọn sí àárín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ilé-ìwé kẹ́ ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ti SAT, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń yan ọmọ, náà wà níbẹ̀: 800 nínú 1600 rẹ̀ jẹ́ ti ìṣirò, wọ́n sì ń gbà kí ọmọ lo ẹ̀rọ ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin apá yẹn. Ọmọ tó gba D ní kíláàsì 10, tó wá gba 680 níbi ìṣirò SAT, ti dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó bi í. University of California kì í wo SAT mọ́ rárá. MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lókìkí, ní tirẹ̀ dá a padà ní 2022, wọ́n ní dandan ni. Nítorí náà, ibi tí ọmọ ń lọ ni kẹ́ ẹ fi mọ bóyá ó yẹ kẹ́ ẹ náwó lé e lórí.

Lórí Common App, fọ́ọ̀mù kan tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lé ní 1,000 ń gbà, àyè wà fún àlàyé. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí mo ṣe sí i, ohun tí máàkì mi dà lẹ́yìn náà. Mo ti ka irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kan tí ọmọ fi ojú ìwé odidi kan bú olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà lè jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ẹni tó ń kà á máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìtìjú wa ni kò jẹ́ ká fẹ́ gbọ́ orúkọ community college, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí ọmọ lè gbà kọjá sí yunifásítì. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀, D Algebra 2 kò ní kí wọ́n má gba ọmọ, owó rẹ̀ sì kéré. Ní California, ọmọ tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀ lè kọ ìwé àdéhùn ìgbaniwọlé pẹ̀lú ọ̀kan nínú ẹ̀ka University of California mẹ́fà: Davis, Irvine, Merced, Riverside, Santa Barbara àti Santa Cruz. Máàkì tó gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n á wò, ti ilé-ìwé gíríámà ti di ìtàn. Ìwé ẹ̀rí tó máa gbà ní ìkẹyìn kò sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó wọlé láti ọdún kìn-ín-ní.

D kan wà ṣá o, tó yẹ kó lé oorun lójú òbí, òun gan-an la kì í bẹ̀rù. Òun ni èyí tó ń wá lẹ́yìn tí ìwé ìgbaniwọlé ti dé, tí a ti ya fọ́tò, tí a ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tí ọmọ ti gbà pé òun ti dé èbúté. Májẹ̀mú wà nínú ìwé yẹn: kí ọmọ parí kíláàsì 12 bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé-ìwé á fi transcript ìkẹyìn ránṣẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì á sì kà á. Wọ́n lè kọ̀wé béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì lè gba àyè náà padà. Bí D bá ti ń rùn ní oṣù Kẹrin, kí ọmọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìyá rẹ̀, kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, kó sọ ohun tó fà á àti ohun tó ń ṣe sí i, kí wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí ìwé tó dé.